Ìjàkadì Tí Kò Ní Òǹwòran

Kò sí ọmọ Ọ̀fà tí kò mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ohun tí ó sì mú kí ìjàkadì dùn ún wò ni pé gbangba ni wọ́n ti ń jà á. Ojú gbogbo ayé ni ẹ̀yìn ẹnìkan yóò ti kanlẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá kò lè délé kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ni òun dá ẹnìkejì, nítorí pé àwọn ọmọdé tó lọ wòran yóò ti ṣáájú rẹ̀ délé, wọn yóò sì ti ròyìn. Ṣùgbọ́n ìjàkadì kan wà tí kò ní òǹwòran rárá. Ẹni tó jà á nìkan ló mọ̀ bóyá òun ló dá a tàbí òun ni wọ́n dá. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ṣe ní ọdún àṣekágbá, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì ní ìlú wa. Láti ọdún 1992 ni Pọlitẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀fà, ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sì dá Summit University sílẹ̀ níbí ní ọdún 2015. Ilé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kò pọ̀ láàárín wa mọ́. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ nípa pírójẹ́ẹ̀tì kò ju pé ọmọ tún ti wá gba owó. Wọn á ní, "Kí ló tún kù? Ṣebí o ti kàwé tán?" Òótọ́ ni pé ó ti kàwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn ti mọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Pírójẹ́ẹ̀tì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún un pé: lọ wá ohun kan tí àwa olùkọ́ rẹ pàápàá kò tíì mọ̀, kí o sì padà wá sọ ohun tí o rí.

LẸ́TÀ KAN PÉRÉ

Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kẹ́míkà tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí, èyí tí wọ́n ń pè ní Biochemistry, ni mo kà ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa. Ọdún 2012 ni mo ṣe pírójẹ́ẹ̀tì tèmi. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú mú orí-ọ̀rọ̀ wá, kò gbà mí ní ìrònú púpọ̀, nítorí pé inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀lé mi ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé mọ ohun tí mò ń wí. Bí ọyẹ́ bá ti mú, egungun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìyá wa yóò yọ́ òrí, wọn yóò máa fi ra á lẹ́sẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ládàánì yóò fi pe ìrun àsùbáà. Bí ó bá sàn díẹ̀, yóò dìde, yóò wẹ̀, yóò lọ sílé-ìwé, àwọn ará àdúgbò yóò sì máa sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àrùn náà ṣe rí ní kúkúrú. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn hóró pupa wà. Wọ́n rí roboto, wọ́n sì rọ̀. Ohun kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ haemoglobin. Òun ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Haemoglobin yìí dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Nínú ọ̀kan lára àwọn okùn rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ 146 ló wà, oníkálukú sì ní ipò tirẹ̀. Lára ẹni tó ní àrùn yìí, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ló yàtọ̀: glutamic acid ló yẹ kí ó wà níbẹ̀, valine ló bọ́ síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú àkọsílẹ̀ DNA tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, lẹ́tà kan péré ló yí padà, A di T. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè yí nǹkan padà. Àmì orí nìkan ṣáá ló ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ tí í ṣe baálé ilé.

Nígbà tí haemoglobin bẹ́ẹ̀ bá ti gbé ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, ńṣe ni yóò máa so mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn yóò so títí wọn yóò fi gùn bí ọ̀pá, wọn yóò sì na hóró ẹ̀jẹ̀ náà títí yóò fi tẹ̀ bí dòjé. Hóró tó ti tẹ̀ bí dòjé kò lè gba ojú iṣan tóóró kọjá. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1910 ni dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Herrick kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé òun rí irú hóró bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú haemoglobin gan-an ni àrùn náà wà. Ní 1956 àti 1957, Vernon Ingram wá ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ náà rí. Àwa kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú wọn kí a tó mọ àrùn náà; àwọn baba wa ti fún un lórúkọ tó bá a mu rẹ́gí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2006 pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí 24 ló jẹ́ AS, àti pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí 20 ló ń ní àrùn náà. Ẹni tó jẹ́ AS kò ní àrùn, ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS.

ORIN ÀTÀ

Gbogbo wa la mọ orin àtà. Bí a bá rún un, ahọ́n yóò máa ta wá, ètè yóò sì fẹ́ẹ̀ kú. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú orin, nítorí pé súnnà ni kí a fi pákò fọ ẹnu. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora, onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Obafemi Awolowo University ní 1987, pẹ̀lú Isaacs, kọ ìwé ìwádìí kan jáde. Wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé omi gbòǹgbò orin àtà mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé padà rí roboto nínú ìgò. Iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àbújá, NIPRD, náà ṣiṣẹ́ lórí àgbo oníṣègùn ìbílẹ̀ kan. Iyèré, kànáfùrù, osùn àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n pè é ní NIPRISAN, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì gbé e jáde fún títà ní 2006, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíṣe rẹ̀ kò lọ títí.

Ìbéèrè tèmi kéré sí ìyẹn. Bí a bá fi omi gbígbóná fa agbára gbòǹgbò orin àtà jáde, bí àwọn ìyá wa ṣe ń se àgbo, tàbí bí a bá fi ethanol fà á, èwo nínú méjèèjì ni kò ní í jẹ́ kí haemoglobin so pọ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tó kéré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi pírójẹ́ẹ̀tì wo àrùn sàn, inú ìwé ẹlòmíràn ni yóò ti lọ jí ìdáhùn kó.

Ọjà Owódé ni mo ti ra gbòǹgbò náà, lọ́dọ̀ ìyá lẹ́kulẹ́ja kan tí ìyá mi ti jẹ́ oníbàárà wọn tipẹ́. Mo kó o lọ bá àwọn onímọ̀ ewéko kí wọ́n lè jẹ́rìí sí i pé òun gan-an ni, torí pé orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì láti ìlú kan sí èkejì. Mo sá a sí ibòòji, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo sì gbẹ omi rẹ̀ títí ó fi ku lẹ́búlẹ́bú.

Ti ẹ̀jẹ̀ ló le. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn, mo dúró dè wọ́n, wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti àwọn tó ní àrùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí ìyá wọn bó bá jẹ́ ọmọdé ni. Mo ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá pé mílílítà 5 péré ni mo fẹ́ gbà, pé wọn kò ní í rí àǹfààní kan níbẹ̀ fún ara wọn, àti pé bí wọ́n bá kọ̀, kò sí ẹni tí yóò bínú sí wọn. Àwọn kan kọ̀. Ìyá kan tó gbà sọ fún mi pé, "Bí kò bá ṣe ọmọ tèmi láǹfààní, yóò ṣe ọmọ ẹlòmíràn." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kì í ṣe ohun èlò bí omi àti iyọ̀. Amánà ni.

Àbúrò mi ní kí n gba ti òun náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò gbà. Wọ́n ní, "Ohun tí ojú bá ń fẹ́ rí lójú máa ń rí. Bí ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ bá wà lábẹ́ maikirosikópù, ìfẹ́ ni yóò máa bá ọ ka hóró, kì í ṣe ojú."

ỌGBỌ́N TÍ WỌ́N DÁ SÍ I

Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ìjàkadì yìí kò ní òǹwòran, tí wọ́n sì ti wá ọgbọ́n dá sí i. Èkíní, ìgò kan gbọ́dọ̀ wà tí a kò fi orin sí, omi iyọ̀ lásán ni yóò wà nínú rẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí a kò bá fi nǹkan kan sí i. Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ló ń lẹ nọ́ńbà mọ́ àwọn ìgò mi, kí èmi tí mò ń ka hóró má baà mọ èyí tí orin wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwé àkọsílẹ̀. Bírò la fi ń kọ ọ́. A kì í ya ojú ewé kan kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá ṣi nǹkan kọ, ìlà kan la ó fà sí i lórí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ sodium metabisulphite. Òun la fi ń gba ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, hóró yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lójú wa. A óò ka iye tó rí roboto, a óò ka iye tó ti di dòjé. Ọ̀nà kejì ni pé a óò bẹ́ hóró náà kí haemoglobin lè jáde, a óò sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bí haemoglobin bá ṣe ń so pọ̀ ni omi náà yóò máa ṣú, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ yóò sì máa gòkè. Ní ìṣẹ́jú 2 sí ìṣẹ́jú 2 ni mo ń kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi pé, ìgò kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí ariwo. Ẹ̀yìn yóò máa ro ènìyàn, ojú yóò máa ṣú, ebi yóò sì máa pa á.

ỌJỌ́ MẸ́RIN TÍ KÒ SÍ INÁ

Ní oṣù kẹta iṣẹ́ náà ni iná mọ̀nàmọ́ná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí ní ilẹ̀ wa, n kò ní í fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo ń ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù, mo ń kó o ti àwọn ìgò nínú firíjì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo gbé ìgò kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, hóró ti bẹ́, omi òkè rẹ̀ ti pọ́n bíi sóbò. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ náà kò sì tíì ju ìdajì lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o; ó ti yá mi lówó oúnjẹ rí. Ó ní, "Kí lo ń da ara rẹ láàmú sí? Mo ní pírójẹ́ẹ̀tì ẹni tó ṣe irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. O ti rí bí ìdajì àkọ́kọ́ ṣe lọ. Kọ ìyókù kí ó jọ ọ́. Ta ni yóò mọ̀?"

Lóòótọ́, ta ni ìbá mọ̀? Nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ kọ kò yàtọ̀ lójú sí èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Owó ànàmọ́ tí ìyá mi ń tà ni mo fi ń wọkọ̀, owó náà sì ń tán lọ. Bí n kò bá parí ní àsìkò, ọdún kan ni yóò tún lọ sí i. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀rù olùdánwò ló dá mi dúró. Àwọn tó fún mi ní ẹ̀jẹ̀ ni mo rántí. Bí mo bá kọ nọ́ńbà tí kò ti inú ẹ̀jẹ̀ wọn jáde, ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kò sí ìdí kankan tí mo fi gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo tún ro èkejì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wo ti ẹni ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ta ló mọ̀ bóyá ẹni yẹn náà wo ti ẹlòmíràn? Ó lè jẹ́ pé bí a bá tọ ipa rẹ̀ títí dé orísun, a kò ní í bá ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kọ ọ́ bí ó ṣe rí." A yọ ethanol kúrò, ó ku omi nìkan. Mo padà lọ bá àwọn tó fún mi ní ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn kan tún gbà, àwọn kan ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Iye ìgò tí mo fi parí iṣẹ́ kéré sí iye tí mo fẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí ni iná ṣe lọ, báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ṣe bàjẹ́, ohun tí n kò sì lè sọ nìyí.

Ní ọjọ́ tí a lọ dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùkọ́, olùdánwò tó ti yunifásítì mìíràn wá ṣí ojú ewé kan, wọ́n bi mí pé, "Kí ló dé tí ibí yìí ṣófo?"

Mo ní, "Iná ló lọ, sà. Ẹ̀jẹ̀ bàjẹ́."

Wọ́n wo òkìtì pírójẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú wọn. Wọ́n ní, "Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ìwé. Tìrẹ nìkan ni iná ti lọ."

Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èmi ni mo gba máàkì tó ga jù lọ ní ọdún náà, ṣùgbọ́n mo yege, Alhamdulilahi.

ṢÉ Ó ṢIṢẸ́?

Kí ni mo wá rí? Nínú àwọn ìgò tí omi orin àtà wà, hóró tó tẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn ìgò tí omi iyọ̀ lásán wà. Bí orin bá ṣe pọ̀ sí i ni hóró dòjé ń dín kù. Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan wà tí kò tẹ̀lé ìlànà yìí rárá, mo sì kọ òun náà sílẹ̀. Ohun tí mo rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò ni mo dán an wò nínú rẹ̀. N kò mọ bí ikùn àti ẹ̀dọ̀ yóò ṣe ṣe é, n kò mọ ìwọ̀n tí ènìyàn lè mu kí ó má pa á lára.

Mo lọ kí ìyá lẹ́kulẹ́ja ní Owódé. Inú wọn dùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ yunifásítì, ṣé ìwọ náà ti rí i? Bá mi kọ ọ́ sí pépà kan, kí o lu òǹtẹ̀ sí i, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìsọ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú. Bí mo bá kọ ohun tí mo rí, ẹ kò ní í fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sì kọ èyí tí ẹ óò lẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo rí."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwé yín yìí mà ní ojora o." Síbẹ̀ wọ́n fún mi ní orin méjì pé kí n máa rún un lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi kò béèrè máàkì. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Nínú ìgò, Màámi, ó dín in kù."

"Nínú ènìyàn ńkọ́?"

"N kò mọ̀, Màámi. N kò dán an wò lára ènìyàn."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìdí tí mo fi bi ọ́ ni pé oògùn ọsibítù yìí ti tán mi lówó. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi pé bí o bá ti lè ní orin àtà ń ṣe é, n ó dáwọ́ rẹ̀ dúró, n ó máa se orin fún un."

Ẹ̀yin ará mi, ara mi tutù. Mo rántí nọ́ńbà tí ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ. Nọ́ńbà náà ìbá dán, ìbá gún régé, kò ní í sí ibi tí ó ṣófo nínú rẹ̀. Èmi náà ìbá sì ti fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá mi pé, "Ó ṣiṣẹ́." Àbúrò mi ni ìbá fi ara gbà á. A kò dá oògùn ọsibítù dúró. Ó ń lo folic acid rẹ̀ àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, ó ń mu omi púpọ̀, ó sì ń rìn jìnnà sí òtútù. Ó ń bẹ láyé lónìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Orin àtà náà ṣì wà lójú fèrèsé wọn, ó ń fi fọ ẹnu.

OHUN TÍ AYÉ TI RÍ

Ẹ má ṣe rò pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé ni ìmọ̀ dúró sí. Ọmọ tó ní SS kì í sábà ní ìrora ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bí i, nítorí pé haemoglobin ìgbà oyún, tí kì í so pọ̀, ṣì wà lára rẹ̀. Orí ohun kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ kọ́lé sí. Oògùn hydroxyurea, tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ní 1998, máa ń mú haemoglobin ìgbà oyún náà pọ̀ sí i. Ní 2019, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọdé ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà fi hàn pé ó dín ìrora, ibà àti ikú kù. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ènìyàn, kí ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy. Wọn yóò mú sẹ́ẹ̀lì láti ara aláìsàn, wọn yóò tún DNA inú rẹ̀ ṣe kí haemoglobin ìgbà oyún lè padà jí, wọn yóò sì dá a padà sí i lára. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye rẹ̀ nígbà tó jáde. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí àwọn ọmọ tiwa náà wà nínú lábù, kí wọ́n máa wá èyí tí apá wa ká.

Kì í sì ṣe pé a kò lè ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìlú Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò àrùn kòrónà tán, ní ibùdó ìwádìí ACEGID ní Redeemer's University, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé bọ́ láti ọ̀run. Láti orí pírójẹ́ẹ̀tì kékeré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiyín, ẹ mú ìbéèrè tó kéré, ẹ sì mú èyí tó ń dùn yín lọ́kàn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní ọjọ́ tí ẹ rí i. Ẹ má ju èyí tí kò bá ìrètí yín mu nù. Àyè tó ṣófo nínú ìwé yín sàn ju èyí tí ẹ fi irọ́ dí lọ, torí pé ẹlòmíràn lè wá kún àyè tó ṣófo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wá kún ibi tí ó rò pé ó ti kún. Kí ọ̀rọ̀ yìgì tó dé, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n ti pín ìwé ìpè kiri.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ bá wá gba owó pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ bá a wá a. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó bá parí rẹ̀, kí ẹ tó béèrè máàkì, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ìyá mi bi mí: kí lo rí, ṣé ó sì ṣiṣẹ́? Bí ó bá ní, "N kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀," ẹ má bínú sí i. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ẹ bí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí kò ti sí òǹwòran kankan.